Ta ló ti lọ sí IIASA rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, lórí omíyalé odò Ògùn àti omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán. Olùkọ́ mi ní kí n gbìyànjú IIASA (International Institute for Applied Systems Analysis), ilé ìwádìí àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, ní Laxenburg, lẹ́bàá Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ olùṣèwádìí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àti ìṣirò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, ẹnu àwọn ará Láfẹ́nwá ni tèmi ti ń wá (wọ́n sì mọ odò yẹn dáadáa!). Ǹjẹ́ wọ́n lè gba irú mi? Ta ló ń san owó ọkọ̀ òfuurufú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lọ rí, kó dá mi lóhùn.