"Ìgbeni" àti "àlòdọ́mọ" fún àdúgbò elérò púpọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu ń túmọ̀ ìwé kan lórí bí a ṣe ń gbé àdúgbò elérò púpọ̀ yẹ̀ wò. Ohun tí ìwé Faransé pè ní durabilité, ìyẹn ká lo nǹkan kó má sì tán mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́, "ìdúróṣinṣin" ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀; pé ibì kan dára láti gbé, wọ́n pè é ní "ìṣeégbé". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ ká tún un ṣe kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ẹ bá mi wo "ìṣeégbé" ná. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà Ouando ní Porto-Novo níbí, ẹrù ni yóò rò, ohun tó ṣeé gbé karí. Gbé ti ilé àti gbé ti ẹrù, ohùn kan náà ni. Bẹ́ẹ̀, bí ibì kan bá bá wa lára mu, ohun tí à ń wí ni pé ibẹ̀ gbè wá. Gbè yẹn náà ló wà nínú "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." "Ìgbeni" ni mo dábàá. Omi wà nínú rẹ̀, ààbò wà nínú rẹ̀, àti kí ọjà àti ilé ìwé má jìnnà.

Ní ti "ìdúróṣinṣin", Faransé ló tì wá sínú rẹ̀. Lédè wa, ẹni tí kò yẹsẹ̀ ló ń dúró ṣinṣin. Òkìtì ìdọ̀tí pàápàá lè dúró ṣinṣin fún ogún ọdún. Ìtumọ̀ tí ìgbìmọ̀ Brundtland, ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí àyíká àti ìdàgbàsókè, fún durabilité ní 1987 ni pé kí àwa tòní rí ohun tá a nílò, ká má sì gba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹnìkan nínú wa ti mú "àlòpẹ́" wá, láti inú àdúrà "ẹ ó lò ó pẹ́" tí à ń ṣe fún onílé tuntun. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó nìkan ló kàn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àlòdọ́mọ": a lò ó dé ọmọ. Ẹni tó bá ti dé Songhaï, oko ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Porto-Novo níbí ní 1985, tó rí bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń di gáàsì ìdáná, ti rí àlòdọ́mọ.

Ẹ má sì jẹ́ ká da méjèèjì pọ̀. Ẹ wo àwọn ilé etí títì nítòsí ọjà. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń dé ibi gbogbo, ọlọ́kadà wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹlẹ́kọ wà ní ìkòríta: ìgbeni wà níbẹ̀. Àmọ́ kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, wà nínú ìgò ńlá ńlá lórí tábìlì níwájú fèrèsé, òórùn rẹ̀ ń wọlé bá ọmọ tó ń sùn, iná kékeré kan lè ran gbogbo ìlà ilé náà. Gọ́tà kún fún ọ̀rá, ọ̀sà ló ń ṣàn lọ. Àlòdọ́mọ kò sí níbẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣe ìgbéléwọ̀n bá fún un ní máàkì kan ṣoṣo, kí ló sọ?

Èyí tó dùn mí jù ni "àpọ̀jù èrò" tí wọ́n fi pe àdúgbò tó kún. Àpọ̀jù ti dá ẹjọ́ kí a tó wọn ohunkóhun. UN-Habitat fúnra rẹ̀, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ilé gbígbé, ní kí àdúgbò ní ó kéré tán 15,000 ènìyàn ní kìlómítà kan níbùú lóròó, kí ọ̀nà gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀, kí iṣẹ́ ajé sì gba ìdá 40 ó kéré tán nínú àyè ilé. Agbo ilé àtijọ́ wa kún, ìdílé mẹ́ta mẹ́rin yí àgbàlá kan ká, ògiri alámọ̀ tó nípọn ń mú ilé tutù lọ́sàn-án. Ibi tó kún kì í ṣe ibi tó bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ "àpọ̀jù" kúrò nínú àkọlé ìwé yín, ẹ fi "elérò púpọ̀" rọ́pò rẹ̀.