Ẹ̀yin tó ń ṣe mixing, ibo ni ẹ máa ń so stereo widener mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra stereo widener kan, èyí tó ń mú kí ohùn orin fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì; ẹ̀rọ gidi tó ń wọ inú rack o, kì í ṣe plugin inú kọ̀ǹpútà. Orí master, ibi tí gbogbo ohùn orin ti ń pàdé, ni mo kọ́kọ́ so ó mọ́. Nígbà tí mo gbé hẹ́dfóònù sétí, orí mi wú: gìtá àti ohùn àwọn elégbè fọ́n lọ sọ́tùn-ún sósì, àfi bíi pé wọ́n dúró sẹ́yìn etí mi. Àmọ́ bí mo ṣe tẹ mono báyìí, tí òsì àti ọ̀tún di ohùn kan ṣoṣo, gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, báàsì náà sì di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Mítà correlation, èyí tó ń fi hàn bí òsì àti ọ̀tún ṣe bára mu tó, ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo.

Mo mọ̀ pé tí ohùn òsì bá ta ko ti ọ̀tún, wọ́n á pa ara wọn jẹ nínú mono. Mo yọ ọ́ kúrò lórí master, àwọn elégbè nìkan ni mo wá ń rán sí i, mo sì gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 150 Hz dànù. Ó sàn díẹ̀. Wàhálà tuntun ni pé tí mo bá da ohùn tó ti inú ẹ̀rọ bọ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ń dún bí ẹni tó ń kọrin nínú páìpù. Mo fura pé àlọ àtàbọ̀ yẹn ló ń mú un pẹ́ dé.

Ṣé kí n ka iye sample (ìwọ̀n àkókò tó kéré jù nínú ohùn kọ̀ǹpútà) tó fi pẹ́, kí n fà á síwájú ni, àbí kí n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí n sì pa ti àtilẹ̀wá? Ẹ̀yin tó ń lò ó, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí ẹ yí width, ìyẹn bó ṣe máa fẹ̀ tó, dé? Etí ni àbí mítà?