Ta ló lè fún ọmọ mẹ́tíìsì ní mùdùnmúdùn egungun? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìbéèrè: Àbúrò Bàbá, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi dé ibí. Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún 11, Lyon ní ilẹ̀ Faransé ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ni bàbá rẹ̀. Òyìnbó Faransé ni ìyá. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú un, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní AML. Oògùn àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́, àrùn náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ kí ó má baà tún gbérí. Wọ́n ti ń wá ẹni tó bá a mu nínú ìwé àwọn olùtọrẹ, wọn ò tíì rí ẹnì kan, wọ́n ní torí pé mẹ́tíìsì, ìyẹn àdàlù dúdú àti òyìnbó, ni.

Àbúrò obìnrin kan ni wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ọmọ ọdún 8. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní ọmọkùnrin méjì níbí láti ọ̀dọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́, ọ̀kan 24, èkejì 20. Ẹbí ti ṣe ìpàdé, àwa bí 30 la fẹ́ lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O bíi tirẹ̀ nìkan ló lè fún un? Ìyá wa tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á gún èèyàn ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tónítọ̀hún á sì rọ.

Èsì: Ọ̀gá Lábò, Kùtọ́nù

Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó 30 èèyàn lọ. Owó á lọ, ọjọ́ á lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú èsì náà kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àmì tí wọ́n ń wò ni HLA, èyí tí ara fi ń mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Kò kan O tàbí A. Ẹlẹ́jẹ̀ A lè fún ẹlẹ́jẹ̀ O. Lábò á yọ ohun tó lè dá ìjà sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, nígbà tó bá sì yá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀ á di A. Ẹ fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ ro HLA. Okùn méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, okùn náà kì í sì í sábà já láàárín. Ká ní pupa àti dúdú ni ti bàbá, funfun àti àwọ̀ ewé ni ti ìyá. Bí ọmọ yín bá mú pupa àti funfun, pupa àti funfun náà ni ẹni tó máa bá a mu tán gbọ́dọ̀ ní. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀ ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti mú méjèèjì, méjì nínú mẹ́rin láti mú ẹyọ kan, kan nínú mẹ́rin láti má mú ìkankan. Nítorí náà, ọmọbìnrin kékeré yẹn ló ṣáájú, òun pẹ̀lú bàbá àti ìyá.

Ẹ wá wo ara yín. Ẹ̀yin àbúrò bàbá lè ní okùn pupa. Ibo lẹ ti fẹ́ rí okùn funfun ìyá Faransé? Ibi tí ó ti le fún mẹ́tíìsì gan-an nìyẹn: ìdajì rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, ìdajì wà lọ́dọ̀ àwọn àna yín, àlejò tí méjèèjì sì pàdé sí lára ṣọ̀wọ́n. Àwọ̀ ara kọ́ ni wọ́n ń wò. Mẹ́tíìsì mìíràn lè wà tí nǹkan kan ò pa wọ́n pọ̀.

Àwọn ọbàkan rẹ̀ méjì tó wà ní Àjàṣẹ́ nìkan ni kí ẹ fi kún un. Wọn ò lè bá a mu tán nítorí ìyá wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àǹfààní kan nínú méjì láti mú okùn bàbá tí ọmọ yìí mú. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣì dúró ná.

Èsì: Nọ́ọ̀sì Kétu

Ẹ bá mi kí Ìyá. Orúkọ ló da ọ̀rọ̀ náà rú: Yorùbá ń pe méjèèjì ní mùdùnmúdùn, Faransé ń pe méjèèjì ní moelle. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn ni kò gbọdọ̀ fara pa, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbà á lára èèyàn. Èyí tí wọ́n ń gbà ni ti inú egungun, irú èyí tí a máa ń fà mu nínú eegun màlúù, ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà á. Ọ̀nà kan, wọ́n á mú olùtọrẹ sùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á láti inú egungun ìbàdí lẹ́yìn, lókè ìdí. Wọn kì í sábà gbà ju mílílítà 20 lórí kílò kan ara olùtọrẹ; ẹni tó wọn kílò 60 kò ní fún wọn ju lítà kan lé díẹ̀, ìyẹn 1.2. Ìbàdí á máa dùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ara á sì fi ohun tó lọ rọ́pò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀nà kejì, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí irúgbìn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú egungun, lè tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí 4 sí 6, ẹ̀jẹ̀ yòókù á padà sára. Egungun á máa ro ó bí ìgbà tí ibà ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni aláìsàn, àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ ti inú egungun gan-an, torí ìjà tí mùdùnmúdùn àlejò máa ń bá ara aláìsàn jà lẹ́yìn náà kì í sábà pẹ́ tó ti èkejì.

Ẹ má sáré ṣe àyẹ̀wò HLA ní lábò tí ẹ kàn rí. Lyon á tún un ṣe dandan. Ẹ ní kí wọ́n fi òwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ránṣẹ́. Kí àwọn ọmọkùnrin náà má jẹ, má mu, má jẹ obì, má fa sìgá fún ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó ṣe é. Kí wọ́n fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọingbọin, kí ó pẹ́ tó bí ìwé inú páálí ṣe sọ, kí ọwọ́ má kan orí òwú. Ibi tí iṣẹ́ sábà máa ń bàjẹ́ sí ni gbígbẹ: òoru Àjàṣẹ́ àti omi itọ́ nínú ọ̀rá, òwú á hùkasì, lábò kò ní rí nǹkan kà. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, àpò ìwé ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe ọ̀rá. Kí èkíní ṣe tán pátápátá, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bíi ti inú páàsípọ́ọ̀tù wà lára àpò, kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́, ìgò ìdérí elésè àlùkò ni; ẹ rọra máa dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ má mì ín jìgìjìgì, ẹ má sì gbé e sínú fírísà.

Èsì: Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Paris

Ẹ má dààmú láti kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ìwòsàn bá ti ń wá a, inú ìwé àgbáyé ni wọ́n ń wò, èyí tí WMDA, ẹgbẹ́ àwọn ìwé olùtọrẹ lágbàáyé, ń bójú tó, orúkọ inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ìṣòro ni pé òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iye tí àwọn NMDP, ìwé olùtọrẹ ti Amẹ́ríkà, fi síta ni pé òyìnbó ní ìdá 79 nínú 100 láti rí àlejò tó bá a mu, ènìyàn dúdú ní 29. Ẹ bi dókítà bóyá ó ti wo REDOME, ìwé olùtọrẹ ti Brazil, fínnífínní. Àwa tí a mọ àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ní Àjàṣẹ́ mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ Yorùbá àti ti òyìnbó ti ń pàdé ní Bahia ní Brazil tipẹ́tipẹ́.

Àwọn ọmọ ẹbí yín tó ń gbé Faransé, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 35, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Agence de la biomédecine, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìwé olùtọrẹ Faransé, pàápàá àwọn mẹ́tíìsì. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ kò lè wọ ìwé yẹn. Kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ yín nìkan ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún; ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ló ṣeé ṣe kí wọ́n pè wọ́n fún, kò sì yẹ kí wọ́n kọ̀ lọ́jọ́ náà, torí wọ́n á ti fi oògùn pa mùdùnmúdùn aláìsàn yẹn run. Wọn kì í san owó, wọn kì í gba owó. Ẹni tó bá ní òun ní olùtọrẹ tà, ẹ sá fún un.

Àbúrò Bàbá, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn Ìyá ti balẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ kò bá bá a mu tán ńkọ́? Ṣé ìdajì bàbá kò lè tó?

Èsì: Dókítà Ọmọdé, Àjàṣẹ́

Ó lè tó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fi ìdajì ṣe é, mùdùnmúdùn àlejò á máa bá onílé jà nínú awọ, nínú ẹ̀dọ̀, nínú ìfun. Àwọn dókítà Johns Hopkins ní Baltimore ló fi hàn pé bí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn cyclophosphamide ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn tí mùdùnmúdùn wọlé, àwọn tó fẹ́ jà á kú, àwọn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ á ṣẹ́kù. Nítorí náà bàbá, ìyá, àbúrò tó mú okùn kan àti ọbàkan tó mú okùn bàbá, gbogbo wọn lè wúlò. Láàárín wọn, wọ́n sábà máa ń fẹ́ ọ̀dọ́ ju àgbà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ fi ṣe pàtàkì.

Ẹ bèèrè ohun kan: ṣé wọ́n ti wo ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lòdì sí HLA ẹni tí wọ́n fẹ́ mú? Gbígba ẹ̀jẹ̀ léraléra ló ń bí irú rẹ̀. Bó bá pọ̀, ara á lé mùdùnmúdùn náà dànù kó tó fìdí múlẹ̀. Nítorí èyí, kí ẹbí kankan má fún ọmọ náà ní ẹ̀jẹ̀ báyìí, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó.

Kí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ṣe àyẹ̀wò AA, AS, SC níbí. AS lè fún un. SS tàbí SC kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí nọ́ọ̀sì sọ. Lyon á tún yẹ ibà, mẹ́dọ̀wú B àti C, HIV àti HTLV, kòkòrò tó jọ HIV, wò. Ibà kì í lé wọn dànù, ìwòsàn ló ń béèrè, ó sì ń jẹ ọjọ́. Páàsípọ́ọ̀tù ni kí wọ́n lọ ṣe lọ́la, kí èsì HLA tó dé. Bó bá bá ọ̀kan nínú wọn mu, ilé ìwòsàn á kọ ìwé fún físà, ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ ọ́ fún ẹni tí kò ní páàsípọ́ọ̀tù.