Jẹjẹrẹ abẹ́ obìnrin àti ọmọ bíbí: ohun tó yẹ ká bèèrè kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ní Òṣogbo wa yìí, níbi tí wọ́n ti ń bẹ Ọ̀ṣun fún ọmọ, obìnrin tó bá gbọ́ "jẹjẹrẹ" á ti gbà pé ọ̀rọ̀ ọmọ parí. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọn kì í bèèrè títí kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, á fi wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọrùn ilé-ọmọ. Bí jẹjẹrẹ náà kò bá tíì jìn tó mílímítà 3, tí kò sì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan lymph, dókítà lè gé ibẹ̀ nìkan bíi kóònù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2, iṣẹ́ abẹ kan wà tí Daniel Dargent bẹ̀rẹ̀ ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ní 1987: wọ́n á yọ ọrùn náà, wọ́n á fi ilé-ọmọ sílẹ̀, wọ́n á sì fi okùn rán ẹnu rẹ̀ kí oyún lè dúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ àwọn kókó lymph ìbàdí wò, ìyẹn kókó kéékèèké tí jẹjẹrẹ máa ń gbà tàn. Bí jẹjẹrẹ bá ti débẹ̀, kò ṣeé ṣe mọ́. Nítorí okùn yẹn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí. Oṣù ọmọ lè má pé, torí ọrùn tó ń gbé oyún ró ti lọ, nítorí náà ibi tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀.

Ará Lábù: Lórí kóònù yẹn: inú fọ́málìnì (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́) ìdá 10 nínú 100 ni kí ẹran tí wọ́n gé náà wọ lójú ẹsẹ̀, kí oògùn náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Bí wọ́n bá fi í sínú omi lásán, sẹ́ẹ̀lì á wú, a ò sì ní lè wọn bí jẹjẹrẹ ṣe jìn tó. Kí dókítà fi òwú sàmì sí ibi aago méjìlá. Láìsí òwú, bí a bá rí jẹjẹrẹ létí ibi tí ọ̀bẹ gbà, a ò ní mọ apá ibi tó kù sí lára. Wọ́n á tún gé e, ọrùn á sì kúrú sí i.

Apòògùn Ìgbọ̀nà: Ẹ ṣeun, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ti inú ilé-ọmọ gan-an: bó bá jẹ́ irú tó ń rọra dàgbà, tí MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) sì fi hàn pé kò tíì wọ ẹran ilé-ọmọ, wọ́n lè lo megestrol, oògùn họ́mọ̀nù, mílígíráàmù 160 sí 320 lójúmọ́, tàbí lúùpù levonorgestrel, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ tó ń tú họ́mọ̀nù síbẹ̀. Ewu ibẹ̀ rèé: ẹ̀jẹ̀ á dá, obìnrin á ní ara ti yá, á jáwọ́ nínú oògùn. Ẹ̀jẹ̀ tó dá kò sọ pé jẹjẹrẹ lọ! Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n tún máa mú ẹran inú rẹ̀ yẹ̀ wò. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ títí oṣù 12, ilé-ọmọ ni wọ́n máa yọ. Bó bá lọ, kí ó tètè lóyún, torí ó máa ń padà. Megestrol ń mú ni sanra, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dì: bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Òròkí: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹyin dídì ńkọ́, kí wọ́n kó ẹyin obìnrin pamọ́ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà: Abẹ́rẹ́ ọjọ́ 10 sí 14 ni, kò dìgbà tí nǹkan oṣù bá dé. Wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni wọ́n ń kó ẹyin. Bó bá pẹ́ jù, ẹyin á ti já. Inú náítírójìn olómi ló ń wà, kì í ṣe fíríìjì, torí náà iná tó lọ kò kàn án. Àmọ́ náítírójìn ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀: ẹ bi wọ́n pé ta ní ń bu kún un. Abẹ́rẹ́ goserelin mílígíráàmù 3.6, tó ń mú ilé-ẹyin sinmi, náà wà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kẹ́mò, kò sì rọ́pò ẹyin dídì.

Bí wọ́n bá ń rán yín lọ sí UCH Ìbàdàn fún ìtànṣán ìbàdí, ẹ bèèrè kí ẹ tó lọ bóyá wọ́n lè gbé ilé-ẹyin sókè, kúrò lójú ìtànṣán. Ìyẹn kò ní gba ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ là, torí ojú ìtànṣán ló wà.