Mo pa á rẹ́, ó tún jí dìde

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi lórí fáìlì tí èèyàn pa rẹ́ tó tún jáde, torí ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e sínú. Nígbà náà, èmi ni wọ́n máa ń fún ní ìwé àṣírí tẹ̀ níbi iṣẹ́: ìwé owó oṣù, ìwé ìkìlọ̀, ìwé ìdádúró. Ọ̀gá wa ní kí n tẹ lẹ́tà àwọn mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ dá dúró. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sórí fláàṣì lọ síbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo tiẹ̀ tún ṣí fláàṣì náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n yá òun ní fláàṣì, òun fẹ́ fi kó fọ́tò ìgbéyàwó. Mo mú un fún un. Ó kó fọ́tò sí i, ó ṣèèṣì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹnì kan bá fún un ní ètò kan tó ń hú fáìlì tó sọnù jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, mò ń bá a dárò, bí orúkọ fáìlì ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà: fọ́tò, fọ́tò, fọ́tò, lẹ́yìn náà _DADURO.DOC.

Àyà mi já. IDADURO.DOC ni mo sọ ọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló ti lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí nìyí?" Kí n tó lanu, ó ti ṣí i. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣìkẹta.

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òun náà ò sọ nǹkan kan. Ó yọ fláàṣì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Atúnṣe

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Lẹ́tà tó sọnù yẹn gan-an ni àlàyé. Fláàṣì tó ń lo FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú rẹ̀, ní ibì kan tó ń kọ orúkọ fáìlì sí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, kọ̀ǹpútà kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kàn ń fi àmì kan tó ń jẹ́ E5 rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ náà, ó sì kà á sí pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Orúkọ ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ha kúrò, onílé ṣì wà nínú yàrá, títí ẹlòmíràn á fi kó wọlé tì í jáde.

Iṣẹ́ àtúnṣe ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i lóríṣiríṣi. Oníbàárà kan gbé láptọ́ọ̀pù wá, ó fẹ́ tà á, ó ní òun ti fọ́máàtì rẹ̀. Mo bi í pé ó pẹ́ tó? Ó ní kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ní kó jókòó. PhotoRec ni mo lò, ètò kan tó ń hú fáìlì tó sọnù jáde. Ìyẹn kì í wo orúkọ rárá, ara fáìlì fúnra rẹ̀ ló máa ń wá kiri, ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tó bá hú jáde fi ń jẹ́ nọ́ńbà gígùn. Kò pẹ́ tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ fi hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó sáré fi ọwọ́ bò ó, bí ẹni pé ọwọ́ lè nu ún kúrò.

Kì í ṣe òun nìkan o. Àwọn olùwádìí méjì, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat, ra hard disk àlòkù 158 láàárín ọdún 2000 sí 2002, kí wọ́n lè wo ohun tó kù nínú wọn. Nínú 129 tí wọ́n rí kà, 12 péré ni wọ́n ti nù dáadáa.

Tó bá jẹ́ hard disk tó ń yí, ohun tó ń pa fáìlì níbẹ̀ ni pé kí á kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Lórí Windows, mo máa ń pa fáìlì rẹ́ ná, mo máa wá lo àṣẹ kan tí wọ́n ń tẹ̀, cipher /w, láti kún gbogbo àyè tó ṣófo. Á kọ òdo, á kọ FF, á wá kọ nọ́ńbà jákujàku, àmì tóńtó á sì máa tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ìjàlọ lójú fèrèsé dúdú yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún hard disk òde òní. Èmi náà ti fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú rí, kó lè kọ nǹkan mìíràn sórí fáìlì ní ìgbà 35, nítorí ìwé tí Peter Gutmann, olùwádìí kan lórí ààbò kọ̀ǹpútà, kọ lọ́dún 1996. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà á pé Gutmann fúnra rẹ̀ ní hard disk àtijọ́ ni òun ṣe gbogbo iye yẹn fún, pé àwọn èèyàn kàn sọ ọ́ di ọfọ̀ tí wọ́n fi ń lé àǹjọ̀nú ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi pe ọfọ̀.

Aláìsùn

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, tèmi ò yí ní tirẹ̀, SSD ni, irú èyí tó ń fi ṣíìpù pa nǹkan mọ́ bíi fláàṣì. Mo lo shred lórí Linux, ètò tó ń kọ nǹkan mìíràn sórí fáìlì, mo ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀meje, mo wá ń yan bí ọba. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. SSD kì í kọ tuntun sórí ti tẹ́lẹ̀. Kí ojú kan má baà gbó ju ojú kejì lọ, ibòmíràn ló máa ń kọ ọ́ sí, á fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ títí á fi ráyè nù ún. Àyè tí kọ̀ǹpútà ò lè rí rárá tún wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí méje ni mo dà síbi méje, fáìlì mi lè wà níbi tó wà, kó máa wò mí.

Mo kó ohun tí mo nílò kúrò, mo lo ètò ilé iṣẹ́ tó ṣe SSD náà, mo ní kó nu ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Fáìlì kan ni mo fẹ́ pa o, odindi SSD ló bá a lọ! Láptọ́ọ̀pù tí mo rà lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ kìíní gan-an ni mo ti tan BitLocker rẹ̀, ohun tó ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ pa, kí n tó fi nǹkankan síbẹ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá ti run, ọ̀rọ̀ jákujàku lásán ló kù fún ẹni tó bá hú u.

Olùkọ́

Ẹ ò tíì gbọ́ tèmi. Ìbéèrè ìdánwò ni. Mo pa á, mo nù ún, mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ wí. Lọ́jọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ọmọ mi mú fóònù mi, ó ní, "Mọ́mì, kí ni Ìbéèrè Kejì yìí?" Mo ti gbàgbé pé mo fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ wá sọ fún mi: mo fi òòlù lu fláàṣì yẹn lọ́jọ́ náà, ike rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, irin tó ń wọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ kọ̀ọ̀rọ̀. Ó ti tán nìyẹn, àbí?

Atúnṣe

Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ tó wà lórí pátákó inú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó fọ́? Ibẹ̀ ni fáìlì ń gbé. Ike àti irin, ẹ̀wù lásán ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè tú u, kó fi ẹ̀rọ mìíràn kà á.

Ìyá Ìbejì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó nínú dúrọ́à ni. Ó wà lódindi, ó tiẹ̀ ń dán. Ta ló bá mi rí òòlù nínú ilé yìí?