Dókítà fi asipirín rọ́pò abẹ́rẹ́ ikùn, ṣé kò séwu?

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú
Ẹ kú iṣẹ́ o. Márúwá gbá àbúrò mi ọkùnrin ní Ojúẹlẹ́gba, egungun itan rẹ̀ kán. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti ki irin bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un níkùn láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀, èmi ni mo sì ń wá a kiri kẹ́mísìtì ní Fádéyí. Àfi bí dókítà ṣe ní ká dáwọ́ dúró lánàá, ó kọ asipirín. Asipirín orí fífọ́! Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún pé torí a ò lówó ni. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Wọ́ọ̀dù àwọn tó dá légungun ni mo wà, mo sì ti rí ẹbí tó ta fóònù torí abẹ́rẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kọjá owó. Lọ́dún 2023, èsì ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine: ilé ìwòsàn 21 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, aláìsàn 12,211. Wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ ikùn tí wọ́n ń pè ní enoxaparin, àwọn yòókù lo asipirín kékeré, míligírámù 81, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Láàárín 90 ọjọ́, ẹni 47 kú nínú àwọn tó lo asipirín, 45 nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí à ń bẹ̀rù jù, kò ju ara wọn lọ. Ti ẹsẹ̀ ló fi díẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ asipirín: bí ẹni 25 nínú 1,000, ti abẹ́rẹ́ jẹ́ 17.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnì kan ò jókòó ti ìyàwó rẹ̀ kó ṣàlàyé. Iṣẹ́ wa nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ ara yín ra asipirín o. Ti orí fífọ́ lágbára ju èyí lọ. Ṣé kò ní ọgbẹ́ inú? Torí asipirín lè mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀.

Físíò, Èbúté Mẹ́ta
Kó máa mi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò, kó sì dìde bí dókítà bá ti gbà. Bí ẹsẹ̀ bá wú lójijì, tàbí tí mímí ṣòro fún un, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú
Ẹ ṣeun gan-an. Ọgbẹ́ inú ń dà á láàmú tipẹ́ o, kò tiẹ̀ lè gbààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá. Màá lọ sọ fún dókítà láàárọ̀ ọ̀la.

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ pe ìyàwó rẹ̀ báyìí, kó sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì kí dókítà sì gbọ́ kí wọ́n tó fún un ní ti alẹ́ yìí.