Ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ JSS2 ní lílo ìwé atúmọ̀ èdè

Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ 46 ló sì wà nínú kíláàsì náà. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ, "dára" ni wọ́n fi ń ròyìn ohun gbogbo: ọjà dára, ọbẹ̀ dára, ọba dára, òjò pàápàá dára. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti wá ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n owó náà kò ju èyí tó lè ra ìwé ńlá mẹ́ta tàbí ìwé kékeré méjìlá lọ. Èwo ni kí n rà? Báwo ni ẹ sì ṣe ń kọ́ ọmọ tí kò ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí? Mo tún fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń lò ní ti thesaurus, ìyẹn ìwé tó ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra sójú kan.

Baba Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ìwé kékeré méjìlá ni kí ẹ rà, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà, nítorí pé ọmọ mẹ́rin lè forí jọ lórí ìwé kan, ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Church Missionary Society, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1913 ni èmi lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, torí pé ó lọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ó sì tún lọ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé R. C. Abraham ti ọdún 1958 jinlẹ̀ jù ú lọ, mo sì ní ẹ̀dà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já nílé, àmọ́ ti olùkọ́ ni. Yóò wọ ọmọ JSS2 lọ́rùn.

Kí wọ́n tó wá ìtumọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe tò. Lẹ́tà 25 ni: ẹ ń bẹ lẹ́yìn e, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lẹ́yìn g, bí ẹ tilẹ̀ máa rí ìwé tí kò yà á sọ́tọ̀. Ọmọ tó bá ń wá "ọbẹ̀" láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí "o" bẹ̀rẹ̀ yóò pa ìwé dé, yóò ní kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ "igba" sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i, kí ẹ ní kí wọ́n lọ wá a wá. Wọn yóò rí i pé igba ni 200, igbá ni èyí tí àwọn oníṣọ̀nà ọ̀dọ̀ wa ń fín ní Ọ̀yọ́, ìgbà ni àkókò, igbà sì ni okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ tó bá ti bá igba pàdé lọ́nà báyìí kò tún ní bi yín pé kí ni àmì ohùn wà fún.

Ìyá Ilé-Ìkàwé:
Mo fara mọ́ ohun tí Baba wí, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni wọn kò tíì kàn. Ọ̀rọ̀ kì í fìgbà gbogbo jókòó sínú gbólóhùn bó ṣe jókòó sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan mú gbólóhùn kan wá bá mi nídìí tábìlì mi: "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàn án jẹ." Ó ti wá "tàn", iná ló bá níbẹ̀, ó wá "jẹ", ó bá oúnjẹ. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ náà tanná sí ẹnì kejì rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọmọ náà, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé "tànjẹ" ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún, àti pé àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí nínú gbólóhùn, ló wọ àárín rẹ̀ tó là á sí méjì. Bàjẹ́ àti gbàgbọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: a ń wí pé "ó ba iṣẹ́ náà jẹ́", a sì ń wí pé "mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́".

Ọ̀rọ̀ tó sún kì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá "rẹja" gbọ́dọ̀ mọ̀ pé rà àti ẹja ló so pọ̀. Ẹni tó sì ń wá "àìgbọ́ràn", tí kò rí i, ní láti bọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ gbọ́. Aláṣọ, ẹlẹ́ja àti olóko wà ní ojú ewé tó jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ "oní" kan náà ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n óò fi kọ́ wọn ní títú ọ̀rọ̀ palẹ̀ kí ìwé tó dé ọwọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́gboyè:
Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Bí owó kò bá tó, àwọn ìwé àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ajayi Crowther kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé ní 1843, ó sì mú un gbòòrò sí i ní 1852, T. J. Bowen gbé tirẹ̀ jáde ní 1858, Smithsonian Institution ní Amẹ́ríkà ló sì tẹ̀ ẹ́. Bowen yìí náà ni míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, nítorí náà ìwé rẹ̀ kì í ṣe àlejò nílùú wa.

Baba Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́):
O ṣeun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ṣọ́ra níbẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kọ́ ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé wọ̀nyẹn, àléébù yìí sì wà lára ti CMS tí mo yìn pàápàá: "aiye" àti "enia" ni ẹ máa bá níbẹ̀, kì í ṣe ayé àti ènìyàn. Ẹ sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí wọ́n wo àwọn pátákó ara ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ń kọ "Ogbomosho", kí wọ́n sì tún un kọ bó ṣe yẹ.

Ní ti ìwé tó ń kó ọ̀rọ̀ tó jọra jọ, gbajúmọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí dókítà Peter Mark Roget gbé jáde ní 1852, ọdún kan náà tí Crowther mú tirẹ̀ gbòòrò. Èrò ni Roget fi to ọ̀rọ̀, kì í ṣe álífábẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò bá kọ́kọ́ ṣí atọ́ka tó wà lẹ́yìn yóò kàn máa rìn kiri nínú rẹ̀ ni. Fún Yorùbá, àwọn ọmọ fúnra wọn ni mo fi ṣe é, mo sì kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Mo kọ kú, ṣaláìsí, papòdà, jáde láyé àti wàjà sójú pátákó, mo ní ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé: "Ewúrẹ́ ìyá àgbà wa wàjà ní àná." Ní Ọ̀yọ́ kẹ̀, lẹ́bàá ààfin! Èmi ni mo jẹ̀bi, torí pé mi ò sọ fún un pé ọba ló ń wàjà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí wọ́n fa ìlà sójú ìwé kí ó pín sí mẹ́ta: ọ̀rọ̀ náà, ẹni tàbí ohun tí à ń lò ó fún, àti gbólóhùn kan tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà ilé wọn.

Ìyá Ilé-Ìkàwé:
Inú ilé ìdáná ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń "sè" gbogbo nǹkan nínú àròkọ mọ̀ pé à ń ro àmàlà, à ń gún iyán, à ń tẹ ẹ̀bà, à ń dín dòdò, à ń sun iṣu. Kò kàn rántí pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ni.

Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti ra méjìlá. A ṣe ti igba ní Ọjọ́bọ̀, ariwo wọn sì pọ̀ débi tí ọ̀gá ilé-ìwé fi yọjú lójú fèrèsé. Mo fún wọn ní iṣẹ́ ilé ìdáná náà. Ọmọ kan ń kọ tirẹ̀ lọ, nígbà tó sì dé orí gààrí, "dín" ni ìyá rẹ̀ wí, "yan" ni ìyá ìyá rẹ̀ wí. Ó kọ méjèèjì, ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá bi mí pé èwo ni kí òun pa rẹ́. Baba, èwo ni ẹ̀yin ń wí ní Ọ̀yọ́?

Baba Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́):
Lẹ́nu tèmi, yan ni. Mo ké sí ìyá àwọn ọmọ mi nínú ilé, ó ní dín ni. Kí ó má pa ìkankan rẹ́.